Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Inú Ẹsẹ Kejì

Kásẹ́ẹ̀tì géèmù méjì ló wà lórí tábìlì wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan dúdú, èkejì ní àwọ̀ eérú, kò sì sí èyí tó tóbi ju páálí ìṣáná lọ nínú wọn. Orin kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Mi ò sọ pé wọ́n jọra o. Orin kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ìró kan ò yàtọ̀. Ẹni méjì ló sì ń búra pé ọwọ́ òun lòun fi ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ géèmù àtẹ́lẹwọ́ sétí, ó di ojú, ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì dúdú tán, ó yọ ọ́, ó ki ti eléérú bọ̀ ọ́. Fìmúfínlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi, nítorí kò sí ọ̀ràn tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ tí kò ní fimú fínlẹ̀ títí á fi rí i hú. Wọ́n rò pé orúkọ yẹn ń bí i nínú. Irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gun àga kí n kùn ún sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Iṣẹ́ tèmi níbí ni kí n wa mọ́tò, kí n po tíì, kí n sì máa ṣìṣe, kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí ẹni tí yóò máa tọ́ sọ́nà.

"Ta ló kọ́kọ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀?" ó bi obìnrin méjì tó jókòó níwájú wa.

"Ọkùnrin kejì ni, mà," ni èyí tó kéré nínú wọn dáhùn. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Àná ni mo gbé tèmi lọ. Wọ́n ní ẹlòmíì ti gbé e wá níjọ́ tó ṣáájú. Ojú olè ni wọ́n fi wò mí, mà."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ẹgbẹ́ kan wà nílùú yìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mú orin tí èèyàn ti kọ, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n sì tún un tò kí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ lè máa kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n máa yan orin kan tí yóò ṣí géèmù tuntun, orúkọ ẹni tó ṣe é á sì máa yọ lójú ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá tan géèmù náà. Alága wọn ti wí pé bí òtítọ́ ò bá hàn kí Sátidé tó dé, àwọn méjèèjì ló máa jáde. Èyí tó tún wá burú ni pé ẹni tó kù, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Baba Àlàyé, ni gbogbo ẹgbẹ́ ń fojú àgbà wò.

"Ọlọ́pàá ńkọ́?" mo bèèrè.

"A ti dé ọ̀dọ̀ wọn," ni obìnrin kejì dáhùn. "Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ṣebí orin náà ṣì wà lọ́wọ́ wa, kí ló wá sọnù?"

Ìyá nọ́ọ̀sì ni. Aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni pé àwa náà lè jí i.

"Ọmọ mi," wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, "mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní géèmù. Ohùn ẹ̀fọn inú agolo ni gbogbo rẹ̀ létí mi, mi ò sì ní í jókòó gbọ́ ọ. Mo bí nọ́ọ̀sì, ó dé ilé, ó ń ṣeré ọmọdé. Ṣùgbọ́n eré tí ọmọ mi bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tiẹ̀ ni. Ẹnì kan ò ní gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín ìgbéraga. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ eyín wọn. Ọ̀kan nínú eyín iwájú wọn ní ojú kékeré kan létí, bí ẹni pé nǹkan ti ń gé e díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ó tì mí lójú nítorí ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé àìmọ̀wàáhù ni.

Nígbà tí ìyá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nọ́ọ̀sì fà sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má jẹ́ kí màámi gbọ́ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Orin wọn ni."

"Orin ta ni?"

"Ti màámi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ ṣì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ akọrin, màámi ló ń lé, wọ́n sì ṣe àwo orin kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, oníkálukú bá tiẹ̀ lọ. Màámi máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó rántí àwọn mọ́ láyé yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé lójú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá lé mi jáde, ojú olè ni wọ́n máa bá mi níbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúró níwájú wọn."

Ó fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu omijé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó padà jókòó.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Sọ fún mi bí o ṣe ṣe é."

Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ yí padà lójijì, ó ṣe bí ẹni tó wọlé ara rẹ̀. "Ohùn mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ yìí ní, mà. Méjì ń dún bíi fèrè, ẹ̀kẹta ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ò mọ orin kọ rárá, ariwo ṣáá ló ń pa, ṣà-ṣà-ṣà, òun la fi ń ṣe ìlù. Odidi ẹgbẹ́ akọrin ni mo ní láti kó wọnú ẹnu mẹ́rin yìí."

"Àwọn ẹlẹ́gbè ńkọ́?"

"Ẹnu kan ni mo fún gbogbo wọn. Ìró mẹ́ta ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n yára débi pé etí á rò pé wọ́n jọ ń dún ni."

"Ẹ̀tàn nìyẹn nígbà náà," mo wí.

"Ọgbọ́n nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, kò tiẹ̀ wojú mi. "Inú kí lo ti mú un? Àbí ìyá rẹ ló kọ ọ́ fún ọ?"

"Rárá o. Inú àwo ni. Mò ń gbọ́ ọ, mò ń tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe wà nínú àwo ló ṣe wà níbí. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀, àfi ohun tí ẹ̀rọ ò bá gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó fi bí èèyàn ṣe lè pa ohùn yòókù lẹ́nu mọ́ hàn òun, kí ẹyọ kan ṣoṣo máa dún. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó, ó ń gbọ́ ariwo ẹ̀kẹrin yẹn nìkan, ṣà-ṣà-ṣà, títí ara fi ń ta mí.

*

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin atúnrédíòṣe la kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé kò sẹ́lòmíì tó fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì òun rí. Òórùn òjé yíyọ́ gba inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan, rédíò tó tú inú wọn sílẹ̀ sì kún ilẹ̀ débi pé èmi ò rí ibi tẹsẹ̀ sí.

"Kí lẹ bá nọ́ọ̀sì ṣe?"

"Bátìrì ni mo pààrọ̀, mà. Bátìrì kékeré kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí èèyàn bá ti yọ ọ́, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á pa rẹ́. Nítorí náà mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, kí n tó yọ bátìrì, kí n tó dá a padà."

"Ẹ̀dà yẹn ńkọ́?"

Ó họ orí. "Ó yẹ kí n pa á rẹ́. Mi ò tètè pa á rẹ́."

"Ta ló ń dé ìdí kọ̀ǹpútà yẹn?"

"Ta ni kì í débẹ̀? Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń jókòó síbí. Baba Àlàyé náà gbé tiẹ̀ wá fún bátìrì lọ́sẹ̀ kan náà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ìjà ti dé, ẹ̀rù bà mí, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pátá."

Bí a ṣe jáde ni mo ti sọ tèmi. "Òun ni. Ó ta á fún Baba Àlàyé. Ẹ ò rí i bó ṣe ń làágùn?"

"Ẹni tó bá jalè máa ń to àlàyé sílẹ̀ de ẹni tó máa bèèrè," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ọkùnrin yìí ò ní àlàyé kankan. Ọ̀lẹ ni, kì í ṣe olè. Àmọ́ ó ti fi ibi tí wọ́n gbà wọlé hàn wá. Èyí tó kù ni ẹni tó wọlé, nítorí nọ́ọ̀sì náà ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn."

Mi ò tíì rò ó débẹ̀. Inú mi ò dùn sí i.

*

Gíláàsì ojú ni Baba Àlàyé ń tà. Dígí ló yí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká, ibi yòówù kí èèyàn yí ojú sí, Baba Àlàyé méjì tàbí mẹ́ta ló máa rí. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó fa àga fún wa, ó nu dígí orí tábìlì kó tó gbé ọwọ́ lé e. Kí a tó bèèrè ohunkóhun ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣàlàyé ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ṣàlàyé ìdí tó fi kó àwọn ẹlẹ́gbè sínú ẹnu kan. Ó ṣàlàyé ìdí tí ohùn ìsàlẹ̀ fi ń rọra wọlé, ìdí tí fèrè kejì fi ń dún lẹ́yìn fèrè kìíní bí ohùn tó lu ògiri padà. Mo ń mi orí bí aláǹgbá. Nígbà tó fi máa ṣe tán, mo ti gbà pé òun ló ṣe é, nítorí nọ́ọ̀sì tó ní òun ló ṣe é ò lè sọ ìdajì ohun tó sọ.

"Níbo lẹ ti mú orin náà?"

"Àwo àtijọ́ kan ni, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ṣe é. Mo rí i rà níbi tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù."

"Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan nínú ẹsẹ kejì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbogbo ohùn dákẹ́ pátápátá, wọ́n wá tún bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ ọ. Bó ṣe wà nínú àwo nìyẹn. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀."

"Ìlù náà ńkọ́? Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí lójú oorun, kó tó wá máa sáré."

"Onílù wọn ló mọṣẹ́. Bó ṣe lù ú nínú àwo ni mo ṣe gbé e."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó fọwọ́ kan apá ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà. "Ọwọ́ ta ló rán aṣọ tó dára báyìí? Ìyá nọ́ọ̀sì ni?"

"Rárá o. Rírà ni mo ń ra tèmi. Mi ò tiẹ̀ mọ ojúlé ìyá yẹn, mi ò rí wọn rí."

"Ó wù mí ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Nínú mọ́tò, mi ò lè pa á mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì ń yẹ aṣọ ọkùnrin wò lẹ́nu iṣẹ́? Ọkùnrin yìí ló ṣe orin yẹn. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n tán?"

"Ẹnu dùn ún ròfọ́. Wakọ̀."

*

Nọ́ọ̀sì ló yá wa ní àwo náà. A gbé e sórí ẹ̀rọ àwo àtijọ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, a sì jókòó gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin kan ló lé e, ohùn tó mọ́, tó ga, tó sì dá ara rẹ̀ lójú, àwọn yòókù gbè é:

*Òwú tín-ín-rín, òun ló daṣọ,*
*ẹ má fojú tín-ín-rín wò wá.*

Orí mi wú. Mo ronú pé ìyá tó ń di báàgì mú lọ́jọ́sí ló ń kọrin yìí.

Ẹsẹ kejì dé. A dẹ etí sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Kò wá. Wọ́n kọ ọ́ kọjá bí omi tó ń ṣàn. Ìlù náà ò bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ rárá, eré kan náà ló ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ padà, a tún un gbọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Àwọn méjèèjì ló ń purọ́ nígbà náà," mo wí. "Àwọn méjèèjì ló ní bó ṣe wà nínú àwo nìyẹn."

"Ẹnì kan ń purọ́, ẹnì kan ṣìṣe. Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà." Ó ti ń rìn kiri yàrá, bàtà rẹ̀ ti bọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀ràn bá fẹ́ já. "Gbọ́. Bí èèyàn méjì bá tẹ́tí sí àwo kan, tí wọ́n sì gbé e bó ṣe rí, iṣẹ́ wọn lè jọra. Òtítọ́ wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń ṣi àṣìṣe kan náà, níbì kan náà, láìjẹ́ pé ọ̀kan wo ti èkejì? Àṣìṣe ní ilé tó ti jáde wá. Bí mo bá ti mọ ilé tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ti wá, mo mọ ẹni tó ṣe orin."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ilé ìdákẹ́jẹ́ẹ́?"

Ó jókòó, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì tú gbogbo etí síkẹ́ẹ̀tì tó dára jù lọ nínú aṣọ rẹ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ ti kó sí i lórí.

*

Yàrá kan tó dojú kọ òpópónà ni ìyá ti ń ránṣọ. Àjákù aṣọ wà nínú agbọ̀n, téèpù wà lọ́rùn wọn, maṣíìnì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà sì wà lẹ́bàá fèrèsé, irin rẹ̀ ti dán níbi tí ọwọ́ máa ń gbé.

"Ta ló tú aṣọ tó dára báyìí?" ni wọ́n bèèrè.

"Àbúrò mi ni, mà. Kò gbọ́n."

Mo gbé e mì. Ìyá fi síkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́ pé ìyá ti lé orin rí nílé-iṣẹ́ aṣọ.

"Ta ló sọ fún ọ? Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n ti gbàgbé wa." Ṣùgbọ́n ọrùn wọn ti na díẹ̀. "Kò sí ẹgbẹ́ tó lè dúró níwájú wa nígbà yẹn. Bí a bá ti gbé e, àwọn ọ̀gá máa ń jáde síta."

"Ẹ kọ díẹ̀ fún mi, mà."

"Ṣebí mo máa ń kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Òun ni mo fi ń wọn iṣẹ́ mi."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé maṣíìnì. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣà, ṣà, bí irin tó ń jí lójú oorun, ó wá ń yára, ṣà-ṣà-ṣà-ṣà, orin sì gùn ún lẹ́yìn. Ohùn náà ti wúwo ju ti inú àwo lọ, àmọ́ ó ṣì dá ara rẹ̀ lójú. Wọ́n kọ ẹsẹ kìíní. Wọ́n bọ́ sí ẹsẹ kejì. *Òwú tín-ín-rín, òun ló daṣọ.* Ẹsẹ̀ dúró. Maṣíìnì dákẹ́. Wọ́n fa òwú sẹ́nu, wọ́n fi eyín iwájú já a, kít. Ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. *Ẹ má fojú tín-ín-rín wò wá.*

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò wò mí.

"Kí ló dé tí ẹ dúró níbẹ̀, mà?"

"Níbo?" Ìyá ronú. "Ẹn-ẹ́n. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ aṣọ kan ti pé, mo gbọ́dọ̀ já òwú. Ó ti mọ́ mi lára. Kódà bí aṣọ ò tíì pé, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Abẹ́ maṣíìnì yìí ni mo ti tọ́ ọmọ mi dàgbà, orin yìí ló fi ń sùn."

"Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹ máa ń dúró?"

"Kí ló fẹ́ mọ̀ níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yin mọ ìgbà tí ìyá yín ń mí?"

*

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo ru maṣíìnì yẹn gun òkè ilé ìkàwé tí ẹgbẹ́ náà ń lò. Mo fẹ́ kó wà nínú àkọsílẹ̀ pé èmi nìkan ni. Ìyá ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń bi mí léèrè ìdí tí wọ́n fi gbé maṣíìnì àwọn wá sí ibi eré ọmọdé, mi ò sì ní èémí tí mo lè fi dáhùn.

Gbọ̀ngàn kún. Alága, obìnrin àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ rédíò fẹ̀yìn tì, jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n ti so mọ́ sípíkà ńlá. Nọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ fà ro. Baba Àlàyé wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn èèyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ẹsẹ kejì, níbo ló ti wá?"

"Inú àwo ni, mà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Mo ti sọ fún yín lọ́jọ́sí," ni Baba Àlàyé wí. "Inú àwo ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí alága gbé àwo sí i, ẹsẹ kejì nìkan. Ìyá nọ́ọ̀sì gbọ́ ohùn ara wọn nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì fọwọ́ bo ẹnu. Orin ṣàn kọjá. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìlù ò sì jí lójú oorun kankan. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tún un gbé. Wọ́n tún un gbé. Ẹnu ya ọmọbìnrin náà, omijé bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó gbà tọkàntọkàn pé ó wà níbẹ̀.

Baba Àlàyé ò pẹ́ rárá. "Ó yẹ kí n ṣàlàyé," ó wí. "Ní tòótọ́, èmi ni mo fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn síbẹ̀, kí etí lè sinmi. Èmi náà ni mo ní kí ìlù bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ara olùgbọ́ lè kọ́kọ́ gbóná. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ni. Mi ò fẹ́ fi yangàn ni mo fi ní inú àwo ni."

Àwọn èèyàn mi orí. Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ mi tèmi.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rán etí aṣọ yìí. Bí ẹ bá gbọ́ orin tí ẹ mọ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ." Ó yíjú sí alága. "Ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì."

Ohùn ẹ̀fọn inú agolo jáde láti inú sípíkà ńlá, ó sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Fèrè kìíní gbé orin. Ìyá gbé orí sókè. Wọ́n wo ọmọ wọn. Àwọn ẹlẹ́gbè wọlé, gbogbo wọn nínú ẹnu kan, wọ́n ń sáré gba ara wọn kọjá. Mo rí i pé ètè ìyá ti ń gbé ọ̀rọ̀. Ariwo ẹ̀kẹrin bẹ̀rẹ̀, ṣà, ṣà, ẹsẹ̀ wọn náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì, ṣà, ṣà, àwọn méjèèjì jọ jí lójú oorun, wọ́n jọ ń yára, títí èèyàn ò fi lè sọ èyí tó jẹ́ irin àti èyí tó jẹ́ géèmù mọ́.

Ẹsẹ kejì dé. *Òwú tín-ín-rín, òun ló daṣọ.* Sípíkà dákẹ́. Maṣíìnì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, gbogbo wa gbọ́ eyín ìyá lórí òwú, kít. Àwọn méjèèjì tún jọ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí orin tán, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣì ń gbé e mì.

"Nọ́ọ̀sì rò pé àwo lòun ń gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn rẹ̀ ò ga. "Láti kékeré, abẹ́ maṣíìnì yìí ló ti mọ orin yìí. Ìlù inú àwo kọ́ ló fi síbẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni. Òun náà ò mọ̀. Ẹni tí kò dé yàrá yẹn rí ò lè ṣi àṣìṣe yìí." Ó yíjú sọ́tùn-ún. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ ò mọ ojúlé ìyá yìí. Baba Àlàyé, ẹ ṣàlàyé."

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, kò sì gbé e wọ̀ mọ́.

"Mo rí i nínú kọ̀ǹpútà atúnrédíòṣe," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó dára ju gbogbo tèmi lọ. Láti ọdún pípẹ́ wá, wọ́n ti ń pè mí ní àgbà. Mi ò lè gbà pé ọmọ àná ló ṣe é."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun. Mo fẹ́ sọ ọ́ sókè, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Alága pe nọ́ọ̀sì síwájú. "Orin yìí la yàn. Orúkọ wo ni ká kọ sójú géèmù?"

Kí ọmọ tó dáhùn, ìyá ti dìde nídìí maṣíìnì, téèpù ṣì wà lọ́rùn wọn. Mi ò tíì rí ọrùn tó nà báyẹn rí. "Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Kí ẹ wá fi kún un pé ọmọ aránṣọ ni. Kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà." Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọn ò sì tètè dákẹ́. Èmi náà pa tèmi títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí, mo ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ̀gbọ́n mi gan-an.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti yan orin náà, mo tún ru maṣíìnì sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ìyá gbé ẹ̀rọ géèmù sétí.

"Màámi," ni nọ́ọ̀sì wí, "ẹ forí jì mí. Mo ti wá rí i pé mo ṣìṣe. Kò sí nínú àwo. Bí mo bá délé, mo máa yọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kúrò, kó lè rí bí ẹ ṣe kọ ọ́."

Ìyá dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Fọwọ́ kàn án, kí o rí mi," ni wọ́n wí. "Níbo lo fẹ́ kí n ti máa já òwú?"